Ìlú kékeré létí odò Severn: báwo ni àlejò ṣe ń di ọmọ ìlú ní Tewkesbury?

Àdùkẹ́_Glos

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa ti kó wá sí Tewkesbury ní Gloucestershire, torí iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tí mo rí síbẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, ìlú kékeré ni, ibi tí odò Avon ti pàdé odò Severn. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2011, àwọn ará ìlú lé díẹ̀ ní 10,000. Rélùwéè kì í wọ àárín ìlú mọ́, Ashchurch lẹ́yìn ìlú la ti ń wọ̀ ọ́.

Àwọn ará àdúgbò ò burú sí wa rárá. Wọ́n ń kí wa, àwa náà ń kí wọn. Àmọ́ níbi iṣẹ́ mi, kò sí ohun tí àwọn bàbá àti ìyá tí mò ń tọ́jú fẹ́ràn láti sọ tó ọ̀rọ̀ ìlú yìí: ogun ọdún 1471, omíyalé, ilé tó ti jẹ́ ti lágbájá rí. Bàbá kan tí mo máa ń bá wọṣọ láàárọ̀ sọ fún mi pé àwọn ará ìlú ló dáwó jọ tí wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àárín ìlú lọ́wọ́ ọba, £453. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ iye owó yẹn, kò ronú kó tó sọ ọ́. Èmi ò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nírú ìlú bẹ́ẹ̀, báwo lẹ ṣe wọ inú ìlú? Mi ò sọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú o. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi dàgbà síbẹ̀ bí ayálégbé.

BàbáCheltenham

Àdùkẹ́, ọmọ mi, òótọ́ ni bàbá yẹn sọ. Jẹ́ kí n là á fún ọ, torí ìtàn yẹn ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí wàá máa gbọ́ níbẹ̀.

Àwọn mọ́ńkì ló ni ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ́lẹ̀. Robert Fitzhamon, ìjòyè kan lára àwọn Norman tó ti ilẹ̀ Faransé wá ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní October 1121. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ń ti ilé àwọn mọ́ńkì pa kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kan Tewkesbury ní January 1540. Ohun tí àwọn èèyàn ọba máa ń ṣe ni pé wọ́n á ká òjé orí òrùlé, wọ́n á sọ àwọn agogo kalẹ̀, wọ́n á yọ́ gbogbo rẹ̀ tà. Kò ní pẹ́ tí òjò á fi wó ìyókù. Àwọn ará Tewkesbury kò gbà. Wọ́n ní apá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni àwọn ti ń jọ́sìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tiwọn ni. Wọ́n bá dáwó. £453 yẹn ni wọ́n díye lé òjé àti irin agogo, ọba sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ilé tí àwọn mọ́ńkì ń gbé àti ilé àdúrà Màríà tó wà lápá ìlà oòrùn kò rí olùrà, wọ́n wó wọn. Bó o bá yí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wo ògiri dáadáa, wàá rí ojú ibi tí wọ́n ti gé e kúrò tí wọ́n sì dí i.

Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀ṣì ìlú ni. Ìjọ àtàwọn tó ń dáwó fún un ló ń tún òrùlé yẹn ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé ìjọba ló tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn, sọ fún un pé kó lọ ka ìtàn 1540.

Àkànbí_Ọmọ_Ìbàdàn

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi, kì í ṣe láti ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́.

Iṣẹ́ la wá ṣe nílùú ọba. Ìtàn tí ẹ sọ yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ ìtàn àwọn baba wọn ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ò mọ oríkì ara wọn, wọn ò lè kí bàbá àgbà lórí fóònù kí Gẹ̀ẹ́sì má bọ́ sí i. Àǹtí Àdùkẹ́ wá fẹ́ kó ogun 1471 lé wọn lórí. Ẹ jẹ́ ká kọ́ wọn ní tiwa ná. Èmi ò rí ìdí tí màá fi bá ẹlòmíì gbé ẹrù rẹ̀ nígbà tí tèmi wà nílẹ̀.

ÌyáÌbejì_Severn

Àkànbí, mi ò bínú sí ọ, torí bí èmi náà ṣe ń rò ó nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Tewkesbury yẹn ni mò ń gbé, mo sì wà níbẹ̀ lọ́dún 2007. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 20 July. Òjò rọ̀ bí ẹni pé wọn ò ní dá a dúró mọ́. Severn àti Avon kún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn odò kékeré náà gbé omi tiwọn dé, gbogbo ọ̀nà tó wọ ìlú di omi. Àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú, tí ṣọ́ọ̀ṣì náà dá dúró láàárín omi, ẹ̀yin náà á ti rí i, gbogbo ayé ló rí i. Ohun tí àwòrán yẹn ò fi hàn ni ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Omi wọ ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ tó wà ní Mythe, lókè ìlú díẹ̀, wọ́n ní láti pa á. Èèyàn 350,000 ní Gloucestershire ni omi ẹ̀rọ dá dúró fún, ó sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà ṣeé mu. Omi yí wa ká, a ò rí omi mu. Èèyàn kú nílùú wa lásìkò yẹn, títí dòní a ń rántí wọn.

Wọ́n gbé táǹkì omi sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí kálukú máa wá pọn. Ibẹ̀ ni mo ti wúlò. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà. Èmi tí mo fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi láti kékeré, mo mọ bí garawa kan ṣe ń wẹ ọmọ méjì, mo mọ̀ pé omi tí a fi fọ ìrẹsì kò gbọdọ̀ dànù, òun ló ń lọ sílé ìgbẹ́. Àwọn aládùúgbò mi ò mọ èyí rí láyé wọn. Ìyá arúgbó kan tó ń gbé òdìkejì wa ti ń bomi garawa kan gbáko sílé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo fi abọ́ kékeré hàn án, mo ní kó dà á kíákíá lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní gba garawa odindi. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórúkọ nìyẹn, orúkọ mi tó pé, kò gé e. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì, èmi ń sọ ẹni tí wọ́n á gbé e fún. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ìtàn ta ni.

Àkànbí_Ọmọ_Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ kú orí ire, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ní Ìbàdàn, àwọn òbí wa ò lè sọ̀rọ̀ Ògùnpa ọdún 1980 kí ojú wọn má yí padà. Ọ̀rọ̀ yín yé mi.

Àmọ́ mo ní ìbéèrè. Tí odò méjì bá ń kún báyìí láti ayébáyé, kí ló dé tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀? Kí ló dé tí wọn ò kó kúrò?

Ayàwòrán_Ilé

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, iṣẹ́ mi sì ni, ẹ fún mi láàyè.

Odò ló bí ìlú náà. Ọjà, ọkà, ọkọ̀ ojú omi, orí Severn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó mọ ilẹ̀ tó ga díẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n tò sí. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀ṣì fi hàn bí erékùṣù nínú àwòrán 2007. Kì í ṣe oríire lásán. Àmọ́ ilẹ̀ gíga yẹn kò fẹ̀, gbogbo àyíká rẹ̀ ni odò máa ń bò. Nígbà tí èèyàn pọ̀ sí i, wọn ò lè fẹ ìlú jáde, ni wọ́n bá ń kọ́lé sí ẹ̀yìnkùlé ara wọn. Ilé kan kọjú sí títì, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà tóóró kan ló sì so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ìta. Àwọn ọ̀nà tóóró yẹn tó bí 90 nígbà kan, bí 30 ló ṣì wà. Ẹ gba èyí tó wà lẹ́bàá Church Street tó lọ sí ilé ìsìn Onítẹ̀bọmi àtijọ́. Ilé gbígbé ni nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, àwọn Onítẹ̀bọmi sọ ọ́ di ilé àdúrà láyé ìgbà tí ìjọba ń fìyà jẹ wọ́n. Láti òde, ẹ ò ní mọ̀ pé ilé ìsìn ni. Ibi ìsìnkú wọn kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí Àǹtí Àdùkẹ́ lọ wò ni Severn Ham. Pápá ńlá ni, ó lé ní hẹ́kítà 70, láàárín odò Severn àti ẹ̀ka Avon tó ń yí ọlọ. Kò sí ilé kan lórí rẹ̀, ìlú ló ni ín. Wọ́n á jẹ́ kí koríko dàgbà títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, kí àwọn ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀ lè pa ọmọ wọn tán, kí wọ́n tó gé e, lẹ́yìn náà ni ẹran á wọ̀ ọ́. Tí odò bá kún, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gba omi. Àwọn tó kọ̀ láti kọ́lé síbẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ló ń gba ìlú là títí dòní. Tí ẹ bá bi mí, pápá yẹn ni mo kà sí ogún tó tóbi jù ní Tewkesbury, mo gbé e ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ìjẹ̀bú_Worcester

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó bọ̀ ọ́ díẹ̀. Àdùkẹ́, tí ẹ bá fẹ́ ralé níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ́kọ́ tẹ àdírẹ́sì ilé náà sórí ìkànnì ìjọba tó ń sọ ewu omi, kó tó di pé ẹ sanwó fún lọ́yà. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Flood Re, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, òun ló jẹ́ kí owó ìbánigbófò (insurance) ilé tó wà létí odò má wọ́n kọjá agbára. Àmọ́ ilé tí wọ́n kọ́ láti January 2009 síwájú kò sí nínú rẹ̀. Ilé tuntun tó ń dán lè gbówó lórí yín ju ilé onígi ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹ béèrè dáadáa.

Àdùkẹ́_Glos

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, a ti jọ wà nílùú kan náà tí a ò mọra! Màá kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀.

Ìbéèrè mìíràn. Ọmọbìnrin mi dé láti ilé ìwé, ó ní àsíá aláràbarà tí wọ́n ń fi kọ́ sára ilé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti àwọn ọmọ ogun tó jà ní 1471 ni. Ó ní ta ló borí, ta ló pa ọmọ ọba? Mi ò rí èsì fún un.

BàbáCheltenham

Ìdílé ọba méjì ló ń du adé, York àti Lancaster. Ní 4 May 1471 wọ́n pàdé lẹ́yìn ìlú. Ọba Edward Kẹrin ti York ló borí. Ọmọ Ayaba Margaret ti ìhà Lancaster, tí òun náà ń jẹ́ Edward, tó jẹ́ àrólé ìdílé náà, kú lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọdún 17 péré. Àwọn ọmọ ogun tó sá, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n pa sórí pápá kan tí wọ́n ṣì ń pè ní Pápá Ẹlẹ́jẹ̀ di òní. Àwọn mìíràn sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọba kó wọn jáde, wọ́n sì bẹ́ àwọn aṣáájú wọn lórí láàárín ọjà. Wọ́n ní láti tún ṣọ́ọ̀ṣì náà yà sí mímọ́ torí ẹ̀jẹ̀ tó ta sí i.

Mú ọmọ náà lọ síwájú pẹpẹ. Kó wolẹ̀, á rí àwo idẹ kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n ń rántí ọmọ ọba tó kú. Kó wá gbójú sókè, á rí oòrùn tí wọ́n fi wúrà kùn lára àjà. Oòrùn yẹn ni àmì ìdílé York. Àwọn tó pa á fi àmì wọn sókè orí rẹ̀. Ọmọdé kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Láti 1984 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ogun náà lóṣù July, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù irin, tí wọ́n ń tún ogun jà lórí pápá. Àwọn àsíá tí ọmọ rẹ rí, àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ló ń fọwọ́ kùn wọ́n. Wọ́n ń wá ọwọ́ tó lè mú búrọ́ọ̀ṣì.

Tóyọ̀sí_Kíà

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Mop Fair. Oṣù October ni, wọ́n máa ń ti títì pa, ẹ̀rọ ìṣeré ọmọdé á kún gbogbo ibẹ̀. Àmọ́ ọjà òṣìṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀ o. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á dúró síta pẹ̀lú àmì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, olùṣọ́ àgùntàn á mú irun àgùntàn dání, ọmọ ọ̀dọ̀ á mú ìnulẹ̀ dání, ọ̀gá á wá wò wọ́n, á bá wọn dúnàádúrà iṣẹ́ ọdún kan. Èmi tí mo fi ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọlé, tó jẹ́ pé ọ̀gá tó gbà mí ló mú mi dúró, mo dúró láàárín títì yẹn, omi bọ́ lójú mi. Àwọn tó ń wáṣẹ́ kiri náà ní ìpín nínú ìtàn ìlú yẹn.

Dẹ́rẹ́bà_Gloucester

Àǹtí Tóyọ̀sí ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ẹ lọ wo ilé ìlọyẹ̀fun Healings tó wà létí omi. 1865 ni wọ́n kọ́ ọ, 2006 ni wọ́n tì í pa. Orí omi ni ọkọ̀ ti ń kó àlìkámà wá síbẹ̀ látijọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé nílùú yẹn ló jẹun nínú rẹ̀. Bíríkì pupa ńlá ni. Nígbà tí mo rí i, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ ti fọ́, ẹyẹlé ló ń gbé inú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kẹ́yìn sí ọlọ. Inú mi ò dùn sí i. Ibi tí èèyàn ti làágùn fún ọdún 140 náà yẹ ní ibi tí wọ́n ń dáwó fún.

ÌyáÌbejì_Severn

Òótọ́ lo sọ, Dẹ́rẹ́bà.

Àdùkẹ́, o béèrè bí a ṣe ń wọlé, n kò tíì dá ọ lóhùn tán. Lẹ́yìn omíyalé, ìyá òdìkejì yẹn ló mú mi lọ sókè ilé agogo. Kì í ṣe orin ni wọ́n ń fi agogo lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà ni. Agogo kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹnì kan ló ń fa okùn kan, ipò wọn á sì máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lù ú. Agogo á yí po tán kó tó dún, ìdí nìyẹn tí o kò fi lè fi ipá ṣe é. Ibì kan wà lára okùn tí wọ́n fi òwú tó nípọn wé, ibẹ̀ lo máa dì mú, wàá fà á, wàá sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ á dúró tì ọ́, ọwọ́ tiẹ̀ á wà lórí okùn náà títí apá rẹ á fi mọ ìgbà tó yẹ.

Àkànbí, gbọ́ èyí, torí ìwọ ló sọ ọ̀rọ̀ oríkì àti èdè. Nígbà tí àwọn ìbejì mi ń kọ́ ọ, ilé la ti ń há nọ́ńbà náà sórí, Yorùbá la sì fi ń há a. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ bí agogo mẹ́rin ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn:

ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin
èjì, ení, ẹ̀rin, ẹ̀ta
èjì, ẹ̀rin, ení, ẹ̀ta
ẹ̀rin, èjì, ẹ̀ta, ení

Táíwò ń gba nọ́ńbà ení, Kẹ́hìndé ń gba ẹ̀ta, èmi àti bàbá wọn ń gba ìyókù, a ń pàtẹ́wọ́ sí i. Wọ́n mọ kíkà Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, agogo Tewkesbury ló kọ́ wọn.

Àkànbí_Ọmọ_Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ ti mú mi. Mo ṣì dúró lórí oríkì o, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi kọ ìlà tó kù nínú nọ́ńbà yẹn, mo fẹ́ dán an wò pẹ̀lú tèmi.

ÌyáÌbejì_Severn

Ẹ̀rin, ẹ̀ta, èjì, ení. Ẹ̀ta, ẹ̀rin, ení, èjì. Ẹ̀ta, ení, ẹ̀rin, èjì. Ení, ẹ̀ta, èjì, ẹ̀rin. Lẹ́yìn èyí ẹ ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Oríkì wọn kò sá lọ, àràárọ̀ ni mo fi ń jí wọn.

Àdùkẹ́_Glos

Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí, mo ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún 10 ni àkọ́bí mi, kò sì ga. Ṣé wọ́n á gbà á?

ÌyáÌbejì_Severn

Wọ́n á gbà á. Àpótí wà tí àwọn ọmọdé máa ń gun kí ọwọ́ wọn lè tó okùn. Fọ́ọ̀mù kan wà tí òbí máa ń fọwọ́ sí, àgbàlagbà kan á sì dúró tì í ní gbogbo ìgbà. Kó wọ bàtà pẹlẹbẹ, kó má wọ ṣẹ́ènì sọ́rùn, kó sì di irun rẹ̀ dáadáa kí okùn má bàa kọ́ ọ. Kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sí mi níkọ̀kọ̀, màá dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà.